Rìmóòtù Wà Lápò, Ẹ́ńjìnnì Kò Jí

Ọ̀pọ̀ alùpùpù ńlá tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn lóde òní kì í béèrè kọ́kọ́rọ́ tí à ń tì bọ ihò kí wọ́n tó jí. Rìmóòtù kékeré kan ló wà lápò ẹni tó fẹ́ gùn ún. Ó yí bọ́tìnì kan tàbí ó tẹ̀ ẹ́, dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ọjọ́ tí kò bá dáhùn kì í sábà jẹ́ ọjọ́ tí ènìyàn wà nílé. Ilé epo kan ní Ṣàgámù ló máa ń jẹ́, tàbí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, nígbà tí àwọn tí ẹ jọ ń lọ sí Kútọnu ti tan tiwọn sílẹ̀ tí wọ́n ń wẹ̀yìn wò yín.

Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi ara yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ṣé alùpùpù yìí ti gbà pé ẹ̀yin ni? Ṣé agbára tó wà nínú bátìrì rẹ̀ tó láti yí ẹ́ńjìnnì? Ọ̀tọ̀ ni ìkínní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì, ohun tí a fi ń yẹ̀ wọ́n wò ò sì jọra. Ohun tó ń da àwọn ènìyàn láàmú ni pé àìlágbára mọ bí a ṣe ń wọ aṣọ àìgbà: bátìrì ńlá tó ti rẹ̀ lè mú kí iná ìkìlọ̀ olè máa ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹni tó ni alùpùpù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú rìmóòtù sí wẹ́wẹ́. Ní tèmi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé rìmóòtù òun ti bàjẹ́, ọjọ́ orí bátìrì tó wà lábẹ́ àga ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè.

Harley-Davidson ẹ̀yà Touring láti ọdún 2014 ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù nínú orí yìí. N ó máa ya sọ́dọ̀ BMW tó ní Keyless Ride, Kawasaki 1400GTR tí Amẹ́ríkà ń pè ní Concours 14, àti Honda Gold Wing láti 2018, níbi tí tiwọn bá ti yàtọ̀. Ìlànà kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Ibi tí bọ́tìnì wà ni kò dọ́gba.

Ohun tó ń lọ láàárín rìmóòtù àti alùpùpù

Bí ẹ bá ti yí bọ́tìnì, àńtẹ́nà kan lára alùpùpù á ju ìpè síta lórí ìgbì rédíò tó lọ sílẹ̀ gan-an, nǹkan bíi 125 kilohertz lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìpè yẹn kì í lọ jìnnà: mítà kan, tàbí kó fi díẹ̀ lé. Rìmóòtù tó bá gbọ́ ọ á jí, á sì dáhùn lórí ìgbì tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, tí í sábà jẹ́ 433 megahertz lára àwọn tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, tàbí 315 lára ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà àṣírí wà nínú ìdáhùn náà. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí alùpùpù, á fi wé èyí tó ti wà nípamọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, bí méjèèjì bá sì bára mu, á gba sítátà láàyè láti yí, á sì gba púlọ́ọ̀gì láàyè láti taná.

Ìpè àkọ́kọ́ yẹn ni ibi tó rọ̀ jù nínú gbogbo ètò náà. Kò lágbára, nítorí náà ohun kékeré ló ń dà á rú. Bí fóònù bá fara kan rìmóòtù nínú àpò kan náà, ó lè pa á lẹ́nu mọ́. Owó irin, ìdì kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ tí ń fi iná sí fóònù tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ alùpùpù, gbogbo wọn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé àmúlò Harley fi ní kí a má kó rìmóòtù pọ̀ mọ́ fóònù, kí a má sì jù ú sínú àpótí ẹ̀gbẹ́ alùpùpù. Àpò àyà lápá kan, fóònù lápá kejì: ìyẹn ti tó.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù báyìí lẹ́nu. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tan án ni ó ń béèrè rìmóòtù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, rìmóòtù lè já bọ́ sọ́nà, ẹ́ńjìnnì ò ní kú, nítorí kò sí ilé iṣẹ́ tí orí rẹ̀ pé tó máa jẹ́ kí alùpùpù kú mọ́ ènìyàn nídìí lójú ọ̀nà márosẹ̀ nítorí rìmóòtù. Àwọn mìíràn á kàn kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, oòrùn ọ̀sán ò sì ní jẹ́ kí ẹ rí i. Wàhálà tó ń ti ibẹ̀ wá rọrùn láti fojú rí: ìyàwó sìn yín dé ẹnu ọ̀nà, rìmóòtù wà nínú báàgì rẹ̀ láti àná, ẹ tan alùpùpù, ẹ juwọ́, ẹ gbéra láti Ìkẹjà. Ìbàdàn ni ẹ ti kọ́kọ́ pa á láti ra epo. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè kúrò níbẹ̀. Kí ẹ tó jókòó, ẹ fọwọ́ kan àpò.

Bátìrì pẹlẹbẹ tó wà nínú rìmóòtù ni CR2032 lọ́pọ̀ ìgbà. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bó ṣe tóbi: 20 mílímítà ní fífẹ̀, 3.2 ní nínípọn. Fólítì 3 ni agbára rẹ̀. Harley ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, ìmọ̀ràn tó dára nìyẹn fún gbogbo alùpùpù oní-rìmóòtù, nítorí owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ ìwọná tàn yín jẹ lórí rẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ tó ti rẹ̀ lè ka 2.9 bó ṣe dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí agbára rẹ̀ sì já wálẹ̀ ní kété tí rìmóòtù bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ ò bá mọ ìgbà tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ ti mọ ìdáhùn. Ẹ rà á níbi tí ọjà ti ń lọ dáadáa. Àwọn kan wà lórí àtẹ tí oòrùn ti pa kí wọ́n tó dọ́wọ́ yín.

Ibi tí ẹ ń gbé rìmóòtù sí nílé náà ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá fi í kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù nínú gáréèjì, àwọn méjèèjì lè máa pe ara wọn láìnídìí, bátìrì pẹlẹbẹ ló máa san gbèsè rẹ̀. Ẹ gbé e wọlé.

Bí kò bá dá yín mọ̀

Àmì àìgbà yàtọ̀ sí àmì àìlágbára bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó. Dáṣíbọ́ọ̀dù tàn dáadáa, iná iwájú funfun báláú, fèrè dún ketekete, ṣùgbọ́n sítátà ò mira, àwòrán kọ́kọ́rọ́ kékeré sì ń ṣẹ́jú. Lórí Harley, tìráfíkétọ̀ lè máa ṣẹ́jú fúnra wọn, èyí tí wọ́n bá sì so fèrè olè mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké kí gbogbo ilé epo gbọ́. Lórí Kawasaki, bọ́tìnì tí à ń yí gan-an ni kò ní yí. Lórí BMW, dáṣíbọ́ọ̀dù lè má tàn rárá, ìdí sì nìyí tí mo fi ní kí ẹ wo bátìrì ńlá pẹ̀lú kí ẹ tó dá rìmóòtù lẹ́bi.

Ẹ pa iná rẹ̀ pátápátá. Ẹ yọ fóònù kúrò lára, kí ẹ fún ẹnìkan dì mú ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Ẹ yọ okùn tó ń fi iná sí fóònù. Ẹ di rìmóòtù mú lọ́wọ́, ẹ gbé e sún mọ́ àga, ẹ wá tan án lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá jí, ẹ ti rí ọ̀ràn náà. Bí kò bá jí, ẹ ti alùpùpù síwájú díẹ̀, pàápàá bí ẹ bá wà lábẹ́ òpó ńlá àwọn ilé iṣẹ́ fóònù tàbí ti rédíò, tàbí láàárín alùpùpù mẹ́jọ tí rìmóòtù gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ papọ̀. Mítà mẹ́wàá péré lè yí ìtàn padà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bátìrì pẹlẹbẹ, tí ọ̀kan tuntun yẹ kó máa wà nínú pọ́ọ̀sì yín ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi etí rẹ̀ gbá a mú, ẹ má fi ìka olóòógùn tẹ ojú rẹ̀, kí ẹ sì wo apá tí àmì ìròpọ̀ (+) kọjú sí kí ẹ tó yọ ti àtijọ́.

Bí rìmóòtù bá sọnù ńkọ́? Harley ní ọ̀nà àbáyọ tó dára jù, lójú tèmi: nọ́ńbà àṣírí oní-márùn-ún. Tìráfíkétọ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ ó tẹ ti òsì níye ìgbà tí nọ́ńbà náà jẹ́, ẹ ó sì fi ti ọ̀tún bọ́ sórí nọ́ńbà tó kàn, títí márààrún á fi pé. Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, nítorí náà ẹ ya fọ́tò ojú ewé yẹn nínú ìwé àmúlò tiyín sínú fóònù, kí ẹ sì dán an wò lọ́jọ́ kan tí ẹ wà nílé, kí rìmóòtù wà nínú yàrá. Ẹ má kọ nọ́ńbà náà sára ohunkóhun tó wà lórí alùpùpù.

BMW gba ọ̀nà mìíràn. Ibì kan wà lára alùpùpù tí àńtẹ́nà kékeré fara pamọ́ sí, bí ẹ bá sì gbé rìmóòtù tí bátìrì rẹ̀ ti kú lé ibẹ̀, á ṣì dáhùn, nítorí agbára tí àńtẹ́nà náà ń ta sí i ni ó ń lò. Ibi tí ó wà kò dọ́gba lórí gbogbo ẹ̀yà, ìwé àmúlò ló máa fi hàn yín; ẹ fi àmì kékeré sí i kó tó di pé ilẹ̀ ṣú mọ́ yín lójú ọ̀nà. Kawasaki ní tirẹ̀ fún ẹni tó bá rà á ní rìmóòtù kejì tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò ní bátìrì rárá, tí a ó fi sún mọ́ bọ́tìnì pẹ́kípẹ́kí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi èkejì yìí sílé nínú dùrọ́ọ̀. Abẹ́ awọ pọ́ọ̀sì ni ibùgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí kò ní í ṣe pẹ̀lú rédíò wọ ibí yìí. Bí wọ́n bá ti ọwọ́ alùpùpù pa, tí táyà iwájú sì fara ti òkúta tàbí gegele, irin tó ti ọwọ́ pa á há sí ihò rẹ̀, bọ́tìnì ò ní yí, á sì dà bí ẹni pé alùpùpù kọ̀ yín. Ẹ rọra ti ọwọ́ náà sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí bọ́tìnì. Ẹ má lo agbára.

Bí kò bá lágbára

Etí ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ níbi yìí. Ẹ tẹ sítátà, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó bá sọ.

Bí ó bá ń dún tìkì-tìkì-tìkì láìdákẹ́, rìlé ló ń gbìyànjú láti gbá iná mú, tí bátìrì ò sì lè fún un tó. Bátìrì ti lọ sílẹ̀, tàbí orí rẹ̀ ti tú. Bí ó bá dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó sì dákẹ́, iná dé ìdí sítátà ṣùgbọ́n kò tó láti yí i. Wáyà ńlá, ìdí wáyà tó so mọ́ bọ́dì, tàbí sítátà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá yí lọ́ra-lọ́ra bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ gun òkè, ẹ ti mọ̀. Bí ó bá yí dáadáa tí kò gbaná, bátìrì ò lẹ́ṣẹ̀ mọ́, ẹ kọjá sí ìpín tó tẹ̀ lé èyí.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dunjú, nítorí òun ló ń jẹ owó àwọn ènìyàn jù lọ. Ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà méjì ńlá ti Harley nílò iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó tó yí. Bátìrì tó ka fólítì 12.5 bó ṣe dákẹ́ lè já wá sílẹ̀ sí 8 ní ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ tẹ sítátà. Brain box ò lè ṣiṣẹ́ bí iná bá kéré tó bẹ́ẹ̀. Á kú. Bí ẹ bá sì gbé ọwọ́ kúrò, iná á padà, brain box á jí bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rìmóòtù láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán kọ́kọ́rọ́ á ṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù á mì, aago á padà sí òdo nígbà mìíràn. Ẹni tó rí gbogbo èyí á sọ pé ètò olè ló ti ya wèrè. Á ra rìmóòtù tuntun, á sanwó kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ alùpùpù, alùpùpù ò sì ní jí, nítorí bátìrì ọdún márùn-ún ṣì wà lábẹ́ àga níbi tó wà.

Nítorí náà, ẹ ra ẹ̀rọ ìwọná kékeré, irú èyí tí àwọn rẹwáyà ń kó sápò. Ẹ wọn bátìrì lẹ́yìn tí alùpùpù ti sinmi fún wákàtí díẹ̀. 12.8 ti kún. 12.4 ṣì ṣe é lò, ṣùgbọ́n ẹ fi iná sí i. 12.2 ti dé ìdajì. Bí ó bá ti wà ní 12.0, ẹ má retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan tẹ sítátà bí ẹ ṣe ń wo ojú ẹ̀rọ náà: bí ó bá ka 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀, bátìrì dára, bí ó bá já kọjá 9.6 lọ sísàlẹ̀, ẹ máa wá òmíràn. Ìdánwò kejì yìí ni mo gbà gbọ́. Àkọ́kọ́ lè parọ́. Àwọn tó ti pààrọ̀ sí bátìrì lithium kò gbọ́dọ̀ lo àwọn nọ́ńbà ìsinmi yìí: tiwọn ń ka 13.3 bí ó bá kún, tó bá sì ti ka 12.8, ó ti ń tán lọ.

Kí ẹ tó dá bátìrì lẹ́bi, ẹ di orí rẹ̀ mú kí ẹ sì gbìyànjú láti yí i pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Kò yẹ kó mira. Ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà méjì ń gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn a sì máa tú ìdè orí bátìrì díẹ̀díẹ̀. Ní Èkó, afẹ́fẹ́ òkun á tún fi ìpẹtà funfun sí i. Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà àmì òdì, kí ẹ tó tú ti àmì ìròpọ̀. Bí ẹ bá ń dá wọn padà, ti òdì ni kó kẹ́yìn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a mọ́, ẹ dè é le, kí ẹ sì tẹ̀ lé wáyà òdì yẹn dé ibi tó ti fara mọ́ bọ́dì, nítorí ìpẹtà a máa jókòó níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní í wò ó.

Bátìrì tó dára tó ń kú ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ò bá gùn ún ní ohun tó ń mu ún. Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ibi tí alùpùpù wà ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí, torí pé a fẹ́ràn láti so ó, ẹni tó sì so ó sábà máa ń so ó tààrà mọ́ bátìrì. Ẹ̀rọ orin tó ń pariwo ló tẹ̀ lé e. Ẹ tú àwọn tí ilé iṣẹ́ ò so lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo bí bátìrì ṣe rí lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tí ẹ bá tú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ó bá gbà yín, tó sì lágbára, síbẹ̀ tí ò jí

Súwíìṣì pupa apá ọ̀tún ni kí ẹ wò ṣáájú. Mo mọ̀ pé ẹ ti wò ó. Ẹ tún un wò, nítorí ọmọdé tó gun orí alùpùpù yín ya fọ́tò lẹ́ẹ̀kan ti fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn èyí, jíà. Iná aláwọ̀ ewé ti nútírà gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú dé òpin, kì í ṣe ìdajì, nítorí súwíìṣì kékeré kan wà nídìí rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ rí i pé ó ti dé òpin. Sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ ní súwíìṣì tirẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù, ẹrẹ̀ òjò sì máa ń kún un. Ẹ gbé e sókè sísàlẹ̀ bíi ìgbà mẹ́ta, kí ẹ fi omi ṣan ìdí rẹ̀. Bí alùpùpù bá ti ṣubú, kódà níbi tí ẹ ti gbé e dúró, ẹ̀rọ kan ti pa ẹ́ńjìnnì kí epo má bàa máa tú. Harley á kọ "tip" sójú ibi tó ń ka kìlómítà. Ẹ gbé e dìde, ẹ pa iná rẹ̀, ẹ tún tan án, ó parí.

Bí sítátà bá ń yí tí kò gbaná, ẹ gbọ́ pọ́ọ̀ǹpù epo nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tan iná: ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìró hùùù fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta. Bí ìró yẹn ò bá sí, fíúsì rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ó bá wà, tí àmì kọ́kọ́rọ́ sì ń ṣẹ́jú, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ rìmóòtù, nítorí ètò ìdènà àwọn alùpùpù kan máa ń jẹ́ kí sítátà yí kó tó gba iná lọ́wọ́ púlọ́ọ̀gì.

Títì, jọ́ǹpù, àti "dárẹ́ẹ̀tì"

Ẹ gbàgbé títì. Harley Ultra Limited ju 400 kílò lọ pẹ̀lú epo nínú. Gold Wing tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ kò ṣeé tì jí rárá. Kódà èyí tí ó ní kílọ́ọ̀ṣì, bí bátìrì bá ti kú tán, pọ́ọ̀ǹpù epo àti brain box ò ní jí, ẹ ó kàn máa làágùn lásán ni.

Bátìrì kékeré alágbèéká tí wọ́n ṣe fún jọ́ǹpù ló dára jù, ó sì wọ inú àpótí ẹ̀gbẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ìdí pupa mọ́ àmì ìròpọ̀, kí ẹ sì fi ìdí dúdú mọ́ irin bọ́dì tí kò ní kun, kì í ṣe orí bátìrì òdì. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà má ṣe ṣiṣẹ́. Iná tó ń jáde lára ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ju ohun tí ètò alùpùpù ń retí lọ. Bí ẹ bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ bátìrì, ẹ lè ní láti ṣí àga. Rìmóòtù BMW fúnra rẹ̀ ni irin kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fara pamọ́ sí nínú. Àga Harley ní ìdè kan lẹ́yìn, nítorí náà ẹ kó ohun tí a fi ń tú u sápò yín. Bí ó bá wà nínú àpótí tó tì pa, kò sí ohun tí ó wúlò fún.

Rẹwáyà kan á dé, á wo wáyà, á sì ní òun lè ṣe é ní dárẹ́ẹ̀tì. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lára ọ̀kadà ó ṣeé ṣe, nítorí súwíìṣì kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ kàn ń gé iná ni. Lára alùpùpù tí à ń sọ yìí, bọ́tìnì kì í gbé iná lọ sí sítátà, ọ̀rọ̀ ló ń sọ fún brain box. Bí ẹnìkan bá fi wáyà gbé iná gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, sítátà lè yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì ò ní taná, bí brain box bá sì jó níbẹ̀, tuntun rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kọ mọ́ alùpùpù náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ má sanwó títí ẹ ó fi rí rìmóòtù méjì, tí ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan tan án pẹ̀lú èkejì nínú ọkọ̀ tó jìnnà. Bí Harley ni, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi nọ́ńbà àṣírí tan án lójú yín láìsí rìmóòtù nítòsí. Bí kò bá mọ ọ́n, ẹ yọ owó kúrò nínú iye tí ó pè é, nítorí ẹ ó wá ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ láti ràn yín lọ́wọ́, ẹni bẹ́ẹ̀ ò sì pọ̀. Bí rìmóòtù BMW bá sọnù tán, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára bọ́dì ni wọn ó fi béèrè fún òmíràn, ìwé tó fi hàn pé tiyín ni ín ni wọn ó kọ́kọ́ béèrè.

Lẹ́yìn tó bá jí

Ẹ má pa á. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọná lé orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ fa epo díẹ̀ kí ó kọjá 2000 ìyípo ní ìṣẹ́jú. Bí ó bá ka láàárín 13.8 sí 14.5, alùpùpù ń fi iná sí bátìrì rẹ̀ dáadáa, ẹ lè gbéra, kí ẹ sì gùn ún fún wákàtí kan ó kéré tán kí ẹ tó tún pa á. Bí ó bá ṣì ń ka 12.3 tí kò gòkè, sítétọ̀ tàbí rẹ́kítífáyà ló ní ẹjọ́, ohun tó kù nínú bátìrì nìkan ni ẹ ó máa jẹ lójú ọ̀nà. Ẹ pa ẹ̀rọ orin, ẹ yọ okùn fóònù, ẹ pa àwọn iná àfikún, ẹ má dúró ra epo bí ẹ ò bá nílò rẹ̀, kí ẹ sì yan ìlú ńlá tó sún mọ́ jù tí ilẹ̀ ò ní ṣú mọ́ yín kí ẹ tó dé. Bí ó bá ju 15 lọ, rẹ́kítífáyà ti bàjẹ́ ní ọ̀nà kejì, á sì máa se bátìrì náà. Ẹ má gùn ún kọjá ibi tí ẹ ti lè rí ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀.